Ọ̀rọ̀ Tí Ó Tú

Ní Ìsánlú, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀,
Tísà Òtítọ́jù fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà méjì sójú pátákó:
t, lẹ́yìn rẹ̀ o.
Ó ní ká pè é.
Àwa tá a jókòó lẹ́yìn pè é ní tò,
bí a ṣe ń tò sẹ́nu kànga lásìkò ọyẹ́.
Ọmọ Pónyàn kan pè é ní tó,
ó ní ó ti tó o, ebi ń pa òun.
Tísà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́.
Ó ní, "Tú ni. Tú, bí ẹni tú ewúrẹ́ lókùn."

Ó kọ "go" tì í.
Ó ní ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe yìí dáadáa.
Bí mo bá ní mo lọ, mo ti so ó mọ́ ara mi lẹ́sẹ̀.
Bí mo bá ní yóò lọ, mo so ó mọ́ ọ̀la.
Ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti fi tú síwájú rẹ̀,
okùn já nìyẹn. Kò ní olùwà, kò mọ àná, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn,
ó ń jẹ kiri lẹ́yìn ọgbà.
Nígbà míì á wọlé, á gun àga olùwà fúnra rẹ̀:
láti kọ ebè lórí ilẹ̀ àpáta, ìyà ni.
Nígbà míì á tẹ̀lé fẹ́, á tẹ̀lé gbàgbé,
bí àbúrò tí kò lè dá lọ sódò.
"Make" àti "let" nìkan, agbéraga méjì,
ni kì í gba tú láyè nílé wọn;
ọ̀rọ̀-ìṣe á bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà bíi sálúbàtà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.
N kò mọ̀ pé n óò lò ó kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́tà Ayédùn ló dé láti Kàdúná,
ó ń rùn bí epo nínú àpò awakọ̀.
Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ̀wé,
ó ní Yorùbá ti ẹnu òun kò ní álífábẹ́ẹ̀tì.
Iye ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. "Kà á."
Mo kà á: "I hope to come."
"Kí ló wí?"
Mo ní, ó ń retí láti wá.
Ọ̀bẹ dúró. "Ṣé ó ń bọ̀ ni?"

Mo wo gbólóhùn náà lókè nílẹ̀.
Olùwà wà ńbẹ̀, ó dúró ṣánṣán.
Ìrètí wà ńbẹ̀.
Wíwá nìkan ni kò sí lórí ìso.
Kò dárúkọ Kérésì, kò dárúkọ ọdún iṣu,
ó lè máa jẹ kiri ní Jẹ̀bbá fún ogún ọdún
kó má sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ṣàlàyé fún Iye. Mo yá ewúrẹ́ Tísà lò.
Ó gbọ́ tán, ó bó ẹ̀gẹ́ mẹ́ta sí i.
"Ewúrẹ́ tá a tú, bí ilẹ̀ bá ṣú,
ṣé kì í mọ̀nà ilé ni?"
Èyí kò sí nínú ìwé gírámà.

Ó ní kí n fèsì, kí n má fi tú kankan sí i.
Mo kọ "Come". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo,
kò sí tú, olùwà pàápàá kò sí.
Iye yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó lè kà á.
Ó ní ó gbẹ jù. "Kọ Òkun o sókè rẹ̀,
kó mọ̀ pé a ò bínú."
Mo kọ Òkun o. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀.
A fi ẹ̀kọ tútù lẹ ẹnu àpòòwé náà pa.

Títí dòní, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ tèmi ní tú,
mo máa ń dúró díẹ̀
kí n tó kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó kàn,
ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi,
etí mi lójú títì Kábbà.